Ọkọ̀ Ojú Irin Alágolo

 

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mọ gángan lù dáadáa nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, tí kò sì fọwọ́ kan ìlù mọ́ títí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣé a ṣì lè pè é ní onílù? Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àwọn mìíràn yóò ní kí ó kọ́kọ́ gbé e kọ́ apá ná, kí a gbọ́. Àwa wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n ní kí a gbọ́ ná, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìlù kọ́ ni tiwa o. Ọkọ̀ ojú irin ni, èyí tí a fi agolo sàdíìnì, agolo mílíìkì, ìdérí ìgò mínírà àti wáyà ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò pè é ní eré ọmọdé. Ní òkè òkun, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ni ń ṣe é, owó gidi ni wọ́n sì ń ná lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ Märklin ní Jámánì ti gbé ọkọ̀ kéékèèké àti ojú irin wọn lọ sí ọjà Leipzig láti 1891. Hornby ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1920. Àwa kò rí ọ̀kankan nínú wọn rí àfi nínú àwòrán. Bàbá àgbà wa ni ilé-iṣẹ́ tiwa.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló pa ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ agolo. Ẹ fara balẹ̀, a ń bọ̀ níbẹ̀.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá mẹ́ta ni wá. Port Harcourt ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a dàgbà sí. Méjì nínú wa ń kàwé níbí, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti jáde. Inú ilé ni a ti kọ́ Yorùbá tí à ń sọ. Bí a bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, píjìn ló kù. Àwọn ẹbí tó wà nílé a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ohùn wa dà bí ti ẹni tó ń tajà l'Ábá. Ọmọ Ọ̀ffà ni Bàbá, iṣẹ́ rélùwéè ló sì gbé e wá síbí.

Ìlú yìí gan-an, ọmọ rélùwéè ni. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní agbègbè Udi, nítòsí ibi tí a ń pè ní Enugu lónìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá èbúté tí wọn yóò máa gbà kó o jáde. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre, ní Diobu, ni wọ́n yàn. Ní 1913 ni Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, ẹni tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní London nígbà náà, sọ ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1916, ojú irin ti dé Enugu, èédú sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi. Ní 1932 ni wọ́n ṣí afárá Makurdi lórí odò Benue, ọkọ̀ sì wá ń la odò náà já lọ sí òkè Ọya. Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901. Ìbàdàn ti wà kí irin tó bá a. Ní ti Port Harcourt, àti irin àti ìlú, ọdún kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí wọn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, èyí tó parí ní 1970, ni wọ́n gbé Bàbá wá láti wà lára àwọn tí yóò tún ojú irin ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ó máa ń rìn lórí irin láti òwúrọ̀ pẹ̀lú hámà ọlọ́wọ́ gígùn, ó ń di ohun tó bá tú, ó ń wo ibi tí omi bá ti wọ́ ilẹ̀ lọ, ó sì ń wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Àlàfo yẹn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni, ìyẹn mílímítà 1067. Bàbá kì í dárúkọ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń dárúkọ nọ́ńbà. Bí orúkọ ọmọ ni ó ṣe ń pè é. “Mẹ́ta àtààbọ̀.” Bí tábìlì bá wọ́ díẹ̀, bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé dáadáa, Bàbá yóò ní kò pé mẹ́ta àtààbọ̀.

Àwọn ohun tí wọ́n máa ń tẹ́ ní ìdábùú sí abẹ́ irin, sílípà ni Bàbá ń pè wọ́n. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé sílípáàsì ilé ìwẹ̀ ni ó ń sọ. Ó ní òun ti to ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílípà láti Elelenwo dé ìkọjá odò Imo, àwa sì ń wòye pé àwọn wo ló ni gbogbo bàtà wọ̀nyẹn, àti pé báwo ni wọ́n ṣe rìn délé.

Gbogbo ìgbà ọlidé gígùn ni Bàbá fi ń kọ́ wa. Agolo sàdíìnì ni kóòṣì, èyí tí èrò ń wọ̀. Agolo mílíìkì mẹ́ta tí a jó pọ̀ ni ara ẹ́ńjìnnì. Ní ti ẹsẹ̀, kò sí ohun tó dára tó ìdérí ìgò mínírà. William Painter, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1892, a kò sì gbà pé ó ronú kan ọkọ̀ ojú irin rárá. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan kí ẹ wò ó. Ó ní eyín 21 yíká etí. Ẹ kà wọ́n bí ẹ kò bá gbà wá gbọ́. Orí rẹ̀ kéré, etí rẹ̀ fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe rí: ibi tó kéré ni ń yí lórí irin, etí tó fẹ̀ ni ń dì í mú láti inú kí ó má bàa já bọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgò mínírà tí a ti mu nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Nígbà tó fi máa di 2013, a ti ní orí ọkọ̀ kan àti kóòṣì márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò WAEC ti ẹ̀gbọ́n wa dé, JAMB tẹ̀ lé e, fóònù dé, bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n dé. Ọkọ̀ gun orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ní ìparí 2016, nígbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé gbogbo Port Harcourt lórí, tí aṣọ tí a sá sí ìta ń dúdú, ó bọ́ lé orí ọkọ̀ wa náà. Àlejò tó bá rí i yóò rò pé Enugu ló ti ń bọ̀.

Ní 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Port Harcourt sí Aba, ìrìn kìlómítà 63, tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ti dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ló jí Bàbá. A kò mọ bí a ó ṣe sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ tún ń ka orúkọ ibùdókọ̀ fún wa nídìí oúnjẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pè wá jọ, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun fẹ́ padà sí Ọ̀ffà ní Kérésì tó ń bọ̀, òun kò sì ní lọ́wọ́ òfo. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ agolo yẹn lọ, kí àwọn ọmọ tó wà nílé lè rí iṣẹ́ tí òun ṣe láti ìgbà èwe títí òun fi fẹ̀yìn tì. Nínú ẹsẹ̀ 12 tó yẹ kí orí ọkọ̀ ní, méje ló kù. Nínú kóòṣì márùn-ún, méjì ló kù, ìdí ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹrà. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n nísinsìnyí, kò lè di hámà mú, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ó wo ọwọ́ tirẹ̀, ó wo tiwa. “Ẹ̀yin lẹ ó tún un ṣe.”

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti ká agolo mọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun rántí gbogbo rẹ̀. Bí a bá ní kí ó sọ ọ́ lẹ́nu, ó ń sọ ọ́ dáadáa: gé e, tẹ̀ ẹ́, lu ihò sí i, jó o. Nǹkan tó ń dùn mọ́ ènìyàn nínú ìrántí nìyẹn, ẹnu kì í ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá pàṣẹ kan tí ó jọ wá lójú. Ó ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ọkọ̀. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kóòṣì méjèèjì. “Ẹ lọ ba ogún agolo jẹ́ ná. Bí ẹ bá bà á jẹ́ tán, kí ẹ wá.”

Ogún agolo! Ibẹ̀ ni ẹ ti rí wa lẹ́yìn búkà tí a ń ṣa nǹkan. Ẹ ti mọ̀ báyìí.

Ohun tí Bàbá ṣe yìí, ọgbọ́n ńlá ni, a kò sì rí i nínú ìwé kankan kí a tó rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí iṣẹ́ ọwọ́ tó ti sùn, ohun tó máa ń wù ú ni láti lọ tààrà sí orí ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀rù ohun tí ó lè bàjẹ́ yóò wá mú ọwọ́ rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ agolo tí a ti kádàrá rẹ̀ sí ààtàn tẹ́lẹ̀ ni, ọwọ́ á tú. Agolo kìn-ín-ní sí ìkarùn-ún, a kò ṣe nǹkankan mọ́ wọn lára ju kí a gé ìlà tó tọ́. A ó fi rúlà àti ṣónṣó ìṣó fa ìlà, a ó gé e, a ó tún fa òmíràn. Ìkẹfà sí ìkẹwàá, títẹ̀ ni: a ó fi agolo sí etí pákó, a ó fi pákó mìíràn tẹ̀ ẹ́, a ó sì ká etí rẹ̀ padà sínú kí ó má bàa gé ọmọdé lọ́wọ́. Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀, ojú dídì, ó ń gbọ́. Ẹ gbà wá gbọ́, etí ni ó fi ń wo iṣẹ́. “Sísọ́ọ̀sì yẹn ń jẹ ẹ́, kò gé e. Ẹ ṣí i tán kí ẹ tó pa á dé.” Láti ìhín sí ọ̀hún pálọ̀!

Nǹkan bí agolo kẹjọ ni a ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹ̀gbọ́n wa, tí ó ka ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, ṣàlàyé fún wa. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, kọ ìwé kan ní 1885 lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdánwò. Ó kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, ó sì tún wọn kọ́. Ó rí i pé bí ó bá tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ pátápátá, àkókò tí yóò fi tún un kọ́ kéré sí ti àkọ́kọ́. Ohun tó kù kò hàn, ṣùgbọ́n ó wà. Àwọn tó tẹ̀ lé e fi kún un pé ohun tí ara ń ṣe láìdúró, bíi kẹ̀kẹ́ gígùn tàbí òmi wíwẹ̀, kì í tètè lọ. Èyí tó máa ń tètè lọ ni iṣẹ́ alábala-abala, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ṣíwájú àti èyí tó kẹ́yìn.

Ó rí bẹ́ẹ̀ lára wa gẹ́ẹ́. Títẹ̀ agolo, ọwọ́ wa tètè rántí rẹ̀; nígbà tí a fi máa dé agolo kẹwàá, ó ti ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ètò iṣẹ́ ni ó ti fò lọ. Ó yẹ kí a lu ihò tí ọ̀pá ẹsẹ̀ yóò gbà kọjá kí a tó tẹ agolo, nígbà tí ó ṣì tẹ́ lórí pákó. Ó yẹ kí a fi sáǹpépà ha ojú ibi tí a fẹ́ jó kí a tó gbé e sún mọ́ iná. Irú nǹkan wọ̀nyí, Bàbá nìkan ló ní wọn, orí rẹ̀ ni wọ́n sì wà, wọn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. A ra ìwé kékeré kan, a jókòó tì í, a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin náà ti kọ òwe yìí ní pírámárì, a kò gbà pé ẹ ti rí i tí ó jókòó sórí àga bí àwa ṣe rí i.

Kíkọ tí a ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí tún fa iṣẹ́ mìíràn. Yorùbá ni Bàbá fi ń sọ ọ́, Yorùbá ni a sì gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Ẹ wá wo àmì! Ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti kékeré, a ń dúró lórí rẹ̀ pé ṣé òkè ni àmì yìí lọ ni tàbí ìsàlẹ̀. A máa ń pe ọ̀rọ̀ náà sókè, a ó fi ẹnu kùn ún bí orin, a ó wá fi àmì lé e. Ní ojú ewé kìn-ín-ní, gbólóhùn mẹ́rin gba wákàtí kan. Ní ojú ewé kẹsàn-án, a ti ń bá ẹnu Bàbá lọ. Ìwé kékeré náà ni ó jẹ́ kí a láyà láti kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí agolo. Fún jíjó, a lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa. Ó fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ hàn wá, ó sì sọ ohun kan tí Bàbá náà ti sọ: agolo ni kí ẹ mú gbóná, kì í ṣe léèdì. Bí agolo bá gbóná tó, léèdì yóò sáré lọ bá a fúnra rẹ̀ bí òróró. Bí ẹ bá yọ́ léèdì lé agolo tútù, yóò dì sórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, yóò sì já bọ́ lọ́la. Ọ̀gá náà tún fún wa ní mágínẹ́ẹ̀tì tí ó yọ nínú sípíkà tó ti bàjẹ́. Agolo tí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà, ó dára fún jíjó. Èyí tí kò bá fà, bí àwọn agolo mínírà, kì í gba léèdì wa yẹn, ẹ kàn máa fi àkókò ṣòfò ni. Nínú ogún agolo tí a ṣà, mẹ́rin ni mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀. Ìyẹn ni a fi tún padà lọ sẹ́yìn búkà.

Ní ti ojú irin, ìṣirò wọ̀ ọ́. Agolo sàdíìnì wa fẹ̀ tó mílímítà 60. Bí a bá ní kóòṣì gidi fẹ̀ tó mítà 2.7, a jẹ́ pé 1 nínú 45 ni tiwa. Ẹ pín 1067 sí ọ̀nà 45, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 24. Nítorí náà a gé páànù pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ̀ ní mílímítà 24 géérégé, òun ni mẹ́ta àtààbọ̀ tiwa, a sì ń tì í sáàárín wáyà méjèèjì ní gbogbo ibi tí a bá kàn wọ́n mọ́ sílípà. (Igi ìṣáná ni sílípà wa. Irin ni púpọ̀ nínú ti Bàbá.) Ó dùn mọ́ wa nínú nígbà tí a rí i pé àwọn ará New Zealand àti ti Queensland ní Australia, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, ní irú ìṣirò yìí. Wọn a ra ojú irin kékeré tó fẹ̀ ní mílímítà 16.5, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ mìíràn, wọn a sì kọ́ ọkọ̀ tiwọn ní 1 nínú 64 kí ó lè bá a mu. Bàbá béèrè pé ṣé àwọn yẹn náà ní Ọ̀ffà ni.

Wáyà títọ́ ni ó tún gba sùúrù jù. Wáyà tó ti wà ní ká fún ọdún pípẹ́ kì í fẹ́ tọ́. A so orí rẹ̀ kan mọ́ ìṣó, a fi púláyà di èkejì mú, a fà á títí a fi rí i pé ó gùn díẹ̀ sí i. Tàbí kí a tẹ́ ẹ sáàárín pákó méjì kí a máa yí i bí ẹni ń yí amọ̀. Fífà yá ju yíyí lọ.

Lẹ́yìn ogún agolo, Bàbá gbà kí a gbé orí ọkọ̀ wá. Nígbà ayé ọkọ̀ eléédú, rélùwéè Nàìjíríà ní irú ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní River, nítorí pé orúkọ odò ni wọ́n sọ wọ́n. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n dé, wọ́n sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn rélùwéè ti East Africa fi wo àwòkọ wọn ṣe tiwọn. Ẹsẹ̀ kékeré méjì wà níwájú, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Òun ni Bàbá fi ṣe àpẹẹrẹ.

A nu èéfín dúdú kúrò lára rẹ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni a ti wá rí ohun tí ojú wa kò dé nígbà tí a jẹ́ ọmọdé. Nínú ẹsẹ̀ ńlá tó kù, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun níwájú àti lẹ́yìn ní eyín. Àwọn tó wà ní àárín kò ní. Wọ́n ti lu eyín wọn pa mọ́ra, wọ́n sì fi fáìlì ha á títí ó fi dán. Nígbà ọmọdé, a gbà pé ìdérí tó dára ló tán lọ́wọ́ Bàbá, a kò sì bi í rí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí a ní láti ṣe ẹsẹ̀ márùn-ún tó sọnù, a ní láti mọ̀ bóyá kí a fi eyín sí i tàbí kí a má fi sí i. A bi í.

Bàbá rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hú. Ó ní kí a bọ́ sílípáàsì kan sílẹ̀ (sílípáàsì tòótọ́ o), kí a fi ṣe ọkọ̀, kí a sì tì í gba inú kọ́ńà tóóró tó wà láàárín àga méjì. Iwájú wọlé, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, àárín há. Ó ní bí ẹsẹ̀ mẹ́rin bá tò tẹ̀ léra gbọọrọ lára irin kan, tí gbogbo wọn sì ní etí tó ń di irin mú, wọn kò lè gba inú kọ́ńà. Àwọn ti àárín yóò máa jà pẹ̀lú irin títí ọkọ̀ yóò fi ṣubú. Nítorí náà, a ó yọ etí àwọn ti àárín, kí wọ́n kàn máa gbé ẹrù, kí àwọn ti ìpẹ̀kun máa tọ́ ọ̀nà. Ó ní àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì gidi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ sì ni. A ti kà á lẹ́yìn náà.

Ẹ wò ó, gbogbo ọlidé tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí láti kékeré, nǹkan yẹn wà níwájú wa, a kò rí i. Ìgbà tí a kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni a rí i, nítorí pé lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò sí ẹni tí yóò gbá ọwọ́ wa mú. Àwa ni a ní láti pinnu ohun tí ìdérí kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Bí ó bá ṣe pé a ti gbé ọkọ̀ náà fún ẹnì kan ní ọjà kí ó lẹ ẹsẹ̀ márùn-ún mọ́ ọn, eyín ni ì bá fi sí gbogbo wọn, Bàbá ì bá sì gbé e dé Ọ̀ffà, kì bá lè gba kọ́ńà kan.

Ó gba ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn. A tò ojú irin yí ẹsẹ̀ àga Bàbá ká, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ fèrèsé. Àbúrò wa fi òwú fa ọkọ̀ náà. Bàbá dijú, ó tẹ orí síwájú. Níbi tí wáyà méjì ti pàdé, ọkọ̀ náà ń dún kó-kó, kó-kó. Ó wọ kọ́ńà àkọ́kọ́, ó jáde. Ó wọ èkejì. Bàbá nawọ́ kí a dúró. Ó ní lẹ́yìn ìpàdé wáyà kẹta, apá òsì, nǹkan kan ga níbẹ̀. A wá a, a wá a, ojú wa tó yá gágá kò rí nǹkankan. Ẹ̀gbọ́n wa fi èékánná rìn lórí wáyà náà. Ó ga lóòótọ́, bí ìwọ̀n fífẹ̀ irun orí. A fi fáìlì ha á. A tún fà á. Bàbá kò sọ nǹkankan mọ́, ó kàn ń ka orúkọ ibùdókọ̀ lábẹ́nu bí ọkọ̀ ṣe ń yí i ká.

Kóòṣì mẹ́rin ti wà báyìí. Bàbá ní kò sí ọkọ̀ ojú irin tó pé láìsí ọkọ̀ gáàdì ní ìparí rẹ̀, pẹ̀lú iná pupa lẹ́yìn, òun kò sì ní gbé ọkọ̀ tí kò ní gáàdì dé iwájú àwọn ará Ọ̀ffà. Oṣù méjì ló kù. Agolo sàdíìnì méjì tí mágínẹ́ẹ̀tì lè fà ni a ń wá, àti nǹkan kékeré pupa tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ní i nínú yín, ẹ mọ yàrá wa.